Ta Ló Sọ Pé Ó Tó?

Ọjọ́ Ẹtì ni àdá yẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi
láàárín kọfí, níhà odò, ní Ìyàmóyè.
Ojúgun ló gbà á.
Ó jókòó lé gbòǹgbò, ó ń wo ẹ̀jẹ̀
bí ẹni ń wo àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú,
ó ní, "Ìbídùn, bọ́ ìborùn rẹ."

Nọ́ọ̀sì Ìpínmorótì kí wa: "Ọ̀kun o."
Abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ló fi rán an,
ó sì ní iṣẹ́ òun tán.
"Òwú lásán ni mo fi dì í mú.
Àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ yìí wà nínú ilé.
Wọn ò tíì jí."

Mo ní, àwọn wo?
Ó ní, sẹ́ẹ̀lì.
Ó ní orí abẹ́rẹ́ yìí gba ìdílé kan nínú wọn
àti àwọn àna wọn.
Kò sí èyí tó kàn ń dìde pé òun fẹ́ di méjì.
Àfi kí a ránṣẹ́ sí i.

Inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dì yẹn làwọn ìránṣẹ́ ti jáde.
Èròjà ìdàgbàsókè ni ìwé pè wọ́n,
orúkọ gígùn fún ohun tí ojú ò rí.
Wọn kì í pariwo. Wọn kì í wọlé.
Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí,
níbi tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan so àgádágodo tirẹ̀ mọ́;
kọ́kọ́rọ́ tó bá bá a mu á yí, kẹ́rẹ́,
ìròyìn á máa ti ẹnu bọ́ sí ẹnu
títí dé ìyẹ̀wù tí wọ́n kó ogún ìdílé pamọ́ sí:
ẹ dìde, awọ ti ya lójúgun Ọ̀títọ́jù.
Èyí tí iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀
á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á máa sùn lọ.

Ọjọ́ kẹta, ó wú.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ń yún un, bàbá ń bú u.
Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, awọ tuntun ti yọ,
pupa bí èso kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n,
ó ń bọ̀ láti ọ̀tún, ó ń bọ̀ láti òsì.
Mo ń ṣọ́ ọ. Mo rò pé yóò gun ara rẹ̀.
Wọ́n pàdé láàárín, wọ́n dúró.

Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ.
Mo tọ nọ́ọ̀sì lọ: ta ló sọ pé ó tó?
Ó ní ìránṣẹ́ mìíràn ni. Àwọn kan ń gbé *ẹ dìde*,
àwọn kan ń gbé *ẹ sinmi*.
Bí èjìká bá sì ti kan èjìká,
àwọn fúnra wọn mọ̀ pé àyè kún.

Ó dákẹ́. Ó mọ ẹni tí mo ń rò.

Àǹtí Ọmọ́níyì, tí a gbé lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
tí a gbé bọ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Kókó kan lọ́mú, kò ju ẹ̀wà lọ nígbà náà.
Nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀kùn kan ló há ní ṣíṣí lára rẹ̀:
ẹnikẹ́ni ò kàn án, sẹ́ẹ̀lì náà ń jẹ́ "mò ń bọ̀",
ó di méjì, ó di mẹ́rin,
bí ẹni pé ọgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò jiná.
Kò sì sí ọgbẹ́.
Àǹtí mi, tí kì í jẹ́ ìpè òru
títí olùpè yóò fi dárúkọ ara rẹ̀.

Bàbá ti padà sóko.
Lánàá, mo ń da kọfí gbígbẹ sínú àpò,
ó di ẹnu àpò mú, àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán.
Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀:
"Ó tó."
Mo dúró.